Ìwé Oúnjẹ Sísè Nínú Ilé Ìkàwé: Àpẹẹrẹ Àwọn Júù àti Ìbéèrè Láti Igbókọ̀dá

Ìfáàrà

Ní èbúté Igbókọ̀dá, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ohun méjì ni ojú àlejò sábà máa ń kọ́kọ́ bà: ẹja yíyan tí àwọn ọkọ̀ ń kó bọ̀ láti etí òkun, àti púpurú roboto tí àwọn ará ilẹ̀ gbígbẹ ń kó wá pàdé rẹ̀. Ẹni tí ó ń gbé orí omi iyọ̀ kò lè gbin ẹ̀gẹ́ sí abẹ́ ilé olópòó rẹ̀. Ẹni tí ó ń roko ní apá Òkìtìpupa kò sì lè da àwọ̀n sáàárín ebè. Ọjà ni ó so àwọn méjèèjì pọ̀, inú ìkòkò ọbẹ̀ ni ìsopọ̀ náà sì ti ń jinná. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá wá gbéra láti ibẹ̀, tí ó wọ ilé ìkàwé yunifásítì kan, tí ó ní kí wọ́n fún òun ní ìwé tí ó sọ bí àwọn ìyá òun ṣe ń se oúnjẹ, kí ni wọn yóò gbé fún un? Ìbéèrè yìí ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ tọ pinpin.

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti àwọn olùkọ́ ìdáná nìkan. Àwọn lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá ti yẹ ìtàn àròsọ wò, wọ́n ti yẹ eré oníṣe àti ewì àpilẹ̀kọ wò, wọ́n sì ti tẹ̀lé ewì alohùn dé ibi ìpolówó ọjà àti orin abiyamọ. Ìwé oúnjẹ sísè ni wọn kì í sábà kà kún ohun tí ó yẹ ní yíyẹ̀wò. Wọ́n kà á sí irinṣẹ́ lásán, bí ọbẹ tàbí ìjábẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìwé ni òun náà. Ó ní òǹkọ̀wé. Ó ní òǹkàwé kan pàtó tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní ohun tí ó sọ síta àti ohun tí ó gbé mì. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn mú ìwé kan ṣoṣo nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí ó sì gbà pé ó ti rí oúnjẹ àwọn ènìyàn kan. Ìwé oúnjẹ kan ṣoṣo, ẹlẹ́rìí tí kò tó gbára lé ni. Ìgbà tí ó bá dúró láàárín ogójì tàbí igba ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ọ̀kan ń já èkejì ní irọ́, ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tó di ẹ̀rí. Nítorí náà ẹni tí ó ń ṣa irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ, tí ó sì fi wọ́n ta ilé ìkàwé lọ́rẹ, iṣẹ́ lámèyítọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀, ìbáà má mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí àkójọ àwọn Júù fi hàn

Lára àwọn ènìyàn tí wọ́n ti fi ojú yìí wo ìwé oúnjẹ, àwọn Júù wà ní iwájú, ìdí rẹ̀ kò sì jìnnà. Òfin oúnjẹ wọn wà nínú ìwé Léfítíkù: ẹranko tí ó pín pátákò tí ó sì ń jẹ àpọ̀jẹ, ẹja tí ó ní lẹbẹ àti ìpẹ́. Ní ìdàkejì, orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn gbé fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, tí wọ́n ń ra ohun ọbẹ̀ ní ọjà àwọn tí kò mọ òfin náà. Láàárín òfin àti ọjà ni ìwé oúnjẹ wọn ti hù jáde. Ní 1846 ni The Jewish Manual jáde ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù láìsí orúkọ òǹkọ̀wé lára rẹ̀; Judith Montefiore ni wọ́n gbà pé ó ṣe é. Ní 1871 ni Esther Levy tẹ tirẹ̀ jáde ní Philadelphia, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ìwé tí kò fi òfin ṣeré rárá.

Bí ènìyàn bá dúró lórí ìwé Levy, yóò sọ pé àwọn Júù Amẹ́ríkà ìgbà náà ń pa òfin mọ́. Kí ó wá fi ọwọ́ kan èyí tí ó tẹ̀lé e lórí pẹpẹ. Ní 1889, ilé iṣẹ́ Bloch, tí í ṣe ilé ìtẹ̀wé àwọn Júù fúnra wọn, gbé Aunt Babette's Cook Book jáde, ìwé kan tí ó fi ètò àjọ Ìrékọjá sínú, tí ó sì tún kọ́ òǹkàwé bí wọ́n ṣe ń se ìṣáwùrú òkun. Òfin kọ ọ́. Ìwé sè é. Kò sí ìwàásù ráábì kan tí ó lè sọ ohun tí ìwé méjì yìí jọ sọ bí wọ́n bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, pé láàárín ogún ọdún péré, nínú orílẹ̀-èdè kan náà, ìkòkò ti bẹ̀rẹ̀ sí yà kúrò lẹ́yìn ìwé mímọ́. Ará Ìlàjẹ tí ó bá ka èyí lè rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí pé edé àti akàn tí òfin náà pè ní ìríra ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà.

Ìtàn The Settlement Cook Book ti 1901 tún fi apá mìíràn hàn. Lizzie Black Kander, obìnrin Júù kan ní Milwaukee, ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin àjòjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìlà-oòrùn Yúróòpù ní oúnjẹ sísè. Nítorí pé dída ọ̀rọ̀ kọ láti ara pátákó ń jẹ àkókò, ó bẹ̀bẹ̀ fún dọ́là 18 lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ àwọn ọkùnrin tí ń darí ilé ẹ̀kọ́ náà kí wọ́n lè fi tẹ àwọn ìlànà náà. Wọ́n kọ̀. Òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ wá owó ìpolówó ọjà láti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò, wọ́n tẹ ìwé náà, títà rẹ̀ sì wọ àádọ́ta ọ̀kẹ́ lọ́nà méjì nígbà tí ó yá. Níhìn-ín, ohun tí ó ye kí lámèyítọ́ fi sọ́kàn ni orísun ìwé náà: ìwé àdàkọ ọmọ ilé-ìwé ni, kí ó tó di ìwé títẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí yóò tún padà wá.

Ìwé ńlá bí èyí kò nílò aláàánú. Ó pọ̀ tó láti là á já. Àwọn kékeré ni wọ́n ń kú. Àwọn ìyàwó ilé inú sínágọ́gù ìlú kéékèèké a máa kó ìlànà oúnjẹ wọn jọ, wọn a tẹ ẹ̀dà díẹ̀, wọn a tà á láti fi tún òrùlé ṣe tàbí láti ran aláìní lọ́wọ́. Kò sí ilé ìkàwé tí ó ń béèrè irú wọn. Bí ìyá àgbà bá kú, àwọn ọmọ a kó wọn dà nù pẹ̀lú agolo òfìfo. Janice Bluestein Longone, tí ó gbé ayé láti 1933 sí 2022, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń tẹ̀lé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kiri. Ó ń ta ìwé oúnjẹ àtijọ́ ní Ann Arbor láti 1972. Òun àti Daniel ọkọ rẹ̀ sì fi àkójọ wọn ta Clements Library ti Yunifásítì Michigan lọ́rẹ, àkójọ náà sì ń jẹ́ orúkọ obìnrin náà. Ní 2013 ni wọ́n pàtẹ ìwé àwọn Júù inú àkójọ náà ní yunifásítì náà, tí wọ́n fi wọ́n hàn gẹ́gẹ́ bí apá kan ìtàn oúnjẹ Amẹ́ríkà.

Ọwọ́ kan náà tí ń ṣa ìwé àwọn Júù ni ó ṣa ohun tí ó kan àwọn ènìyàn dúdú jù lọ. Nígbà tí ọ̀rúndún yìí ń bẹ̀rẹ̀ ni ìwé pẹlẹbẹ kan kan Longone lọ́wọ́, A Domestic Cook Book, tí Malinda Russell tẹ̀ jáde ní Paw Paw, ní Michigan, ní 1866. Obìnrin dúdú tí a bí ní òmìnira ni Russell, láti Tennessee. Àwọn ọlọ́ṣà ni wọ́n lé e kúrò nílé nígbà ogun abẹ́lé, ó sì tẹ ìwé náà kí ó lè rí owó padà sílé. Ìwé rẹ̀ ni ó pẹ́ jù nínú àwọn ìwé oúnjẹ tí obìnrin dúdú Amẹ́ríkà kọ tí ó hàn sí ayé títí di òní. Ẹ̀dà kan ṣoṣo yẹn ni ó yọ. Kí ó tó jáde, èrò tí ó gbilẹ̀ ni pé oúnjẹ àwọn ènìyàn dúdú nígbà náà jẹ́ oúnjẹ àìní, tí a fi àjẹkù olówó sè. Ìwé Russell kún fún àkàrà òyìnbó, ìpanu dídùn àti èso tí a fi ṣúgà pa mọ́. Iṣẹ́ ọ̀gá aládùn ni. Ìwé pẹlẹbẹ kan wó èrò ńlá kan lulẹ̀. Bí Longone bá ti kà á sí ìdọ̀tí, èrò náà ì bá ṣì wà ní ìdúró.

Àpẹẹrẹ kan ṣì kù tí kò ṣe é fò. Ní Terezín, àgọ́ tí àwọn Násì kó àwọn Júù sí ní ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì, àwọn obìnrin tí ebi ń pa kú lọ jókòó, wọ́n ń rántí oúnjẹ ilé wọn, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mina Pächter, tí ó kú síbẹ̀ ní 1944, fi àkójọ tirẹ̀ lé ọ̀rẹ́ kan lọ́wọ́ pé kí ó fún ọmọbìnrin òun. Ó tó bí ọdún 25 kí ìwé náà tó dé ọwọ́ Anny Stern, ọmọ rẹ̀, ní New York. Ní 1996 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ìdáná, kò pé. Èròjà kan fò níbí, ìgbésẹ̀ kan sọnù lọ́hùn-ún. Ẹni tí ebi ń pa kì í rántí dáadáa. Lámèyítọ́ tí ó bá fi pípé dá irú ìwé bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́ ti ṣi òṣùwọ̀n mú. Àlàfo inú ìlànà wọ̀nyẹn ni apá tí ó sọ̀rọ̀ jù lọ nínú wọn.

Kúdẹtì, Miss Williams, àti oúnjẹ àjùmọ̀lò

Ó tó àkókò láti padà sílé. Ní 1934 ni ilé ìtàwé CMS ní Èkó gbé The Kudeti Book of Yoruba Cookery jáde, tí J. A. Mars àti E. M. Tooleyo ṣe. Odò kan ní Ìbàdàn ni Kúdẹtì. Ibẹ̀ ni David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ tẹ̀dó sí ní 1853, ibẹ̀ náà sì ni ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin ìjọ náà wà kí ó tó di ara St. Anne's ní Mọ̀lété ní 1950. Orúkọ ìwé yìí tó yẹ̀ wò kí ènìyàn tó ṣí i. Odò kékeré kan ni ó bẹ̀rẹ̀, gbogbo Yorùbá ni ó parí sí. Ta ni ó fún odò Kúdẹtì ní àṣẹ láti sè fún Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Ẹ̀gbá, Oǹdó àti Ìlàjẹ?

Kì í ṣe ẹ̀bi ni ìbéèrè yìí fẹ́ dá. Àwọn ìjọ CMS kan náà ni wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ yìí lára èdè. Bíbélì tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tí ó parí ní 1884, ni ó sọ ẹ̀ka-èdè apá Ọ̀yọ́, pẹ̀lú àdàlù díẹ̀, di èdè àjùmọ̀lò tí gbogbo ọmọ Yorùbá ń kọ. Èrè rẹ̀ pọ̀; kò sí ẹni tí yóò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìlàjẹ mọ ohun tí ó fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Ìwé Kúdẹtì gbìyànjú irú rẹ̀ nínú ìkòkò: ó ń wá oúnjẹ àjùmọ̀lò. Bí ẹ̀ka-èdè ṣe ń di ohun ìfẹ́sẹ̀-ẹ̀rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ èdè àjùmọ̀lò, bẹ́ẹ̀ ni ọbẹ̀ àdúgbò a máa di ohun tí kò yẹ fún ìwé. Ìwé náà ní iyì ńlá síbẹ̀. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n ń kọ́ ọmọbìnrin jẹ́ ti òyìnbó, ó gbà pé oúnjẹ Yorùbá ní ìlànà, pé ìlànà náà ṣe é kọ sílẹ̀, pé ó sì tọ́ sí kíkọ́ nínú kíláàsì.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Miss Williams' Cookery Book ti R. Omosunlola Williams dé ní 1957, láti ọwọ́ Longmans. Níhìn-ín, ohùn yí padà. Ọmọ ilẹ̀ ni olùkọ́, orúkọ tirẹ̀ ni ó sì fi ṣe orúkọ ìwé. Kò fi odò kankan pamọ́ sí abẹ́ ẹ̀yà. Òǹkàwé tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ hàn gbangba: ìyàwó ilé tí ó kàwé, tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, tí ó ní láti mọ ọbẹ̀ ìbílẹ̀ àti oúnjẹ òyìnbó pọ̀ nítorí àlejò. Ìwé ọdún mẹ́ta ṣáájú òmìnira ni, ó sì jọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Nigerian Cookbook ti H. O. Anthonio àti M. Isoun fi máa jáde ní 1982, orílẹ̀-èdè ti gba ipò ẹ̀yà pátápátá lórí èèpo ìwé.

Ó dára kí ènìyàn to orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀lé ara wọn: Yorùbá, obìnrin kan, Nàìjíríà. Bí ọdún ti ń lọ ni ilẹ̀ inú ìwé ń fẹ̀ sí i. Ti àwọn Júù tí Longone ṣa jọ ń lọ sí ìhà kejì. Wọ́n ń kéré sí i, sínágọ́gù kan, àdúgbò kan, títí dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan pàtó. Ìyàtọ̀ yìí ni àléébù tí ó tóbi jù lórí pẹpẹ wa. Ìwé ńlá wa kò burú. Àìsí ìwé kékeré ní ẹ̀gbẹ́ wọn, tí yóò máa já wọn ní koro, ni ó sọ wọ́n di ohun tí kò ṣe é yẹ̀ wò dáadáa.

Èdè wọn náà ní ohun tí ó yẹ kí a wí. Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ. Obìnrin tí ó mọ ọbẹ̀ náà jù kò lè ka ìwé tí ó wà lórí rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tí ó lè kà á ni kò tíì mọ̀ ọ́n sè. Gẹ̀ẹ́sì ìdáná sì ń béèrè òṣùwọ̀n: ìdajì pọ́n-ùn, ìṣẹ́jú ogún. Àwọn ilé ìdáná wa dá ọgbọ́n sí i, wọ́n fi agolo sìgá ṣe òṣùwọ̀n nígbà kan, kóńgò àti dẹríkà sì ń ṣe é ní ọjà di ìsinsìnyí. Èdè Yorùbá ní tirẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn: ìwọ̀n tí ó bá tó ojú, títí yóò fi ki, títí òórùn rẹ̀ yóò fi jáde. Àwọn kan a máa pe èyí ní àìpéye. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú, ọwọ́ àti imú ni ó fi ṣe òṣùwọ̀n, ó sì péye fún ẹni tí wọ́n bá ti kọ́ ní ojú, ọwọ́ àti imú.

Púpurú gẹ́gẹ́ bí ìdánwò

Ọ̀nà kan wà láti dán ọ̀rọ̀ yìí wò: kí ènìyàn gbìyànjú láti kọ púpurú sílẹ̀ bí ìwé ìdáná ṣe ń kọ nǹkan. Bó ẹ̀gẹ́. Rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, títí yóò fi rọ̀. Yọ okùn inú rẹ̀. Dà á sínú àpò, gbé ohun wúwo lé e kí omi rẹ̀ ro dànù. Mọ ọ́n roboto bí orí ọmọdé. Tò ó sórí àjà lókè iná, kí èéfín yan án títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dúdú tí inú rẹ̀ yóò sì gbẹ. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́, họ ẹ̀yìn dúdú náà kúrò, gún inú funfun, jọ̀ ọ́, rò ó nínú omi gbígbóná.

Ìlànà náà pé, ó sì tún jẹ́ òfìfo. Kò sọ irú igi tí wọ́n ń dá sí abẹ́ àjà, bẹ́ẹ̀ igi ni ó ń fún un ní adùn. Kò sọ pé ọwọ́ ni ó ń mọ̀ bí inú bá ti gbẹ, nípa bí ó ṣe ń dún bí wọ́n bá fi ìka kàn án. Kò sọ ìdí tí oúnjẹ yìí fi rí bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà: ilẹ̀ olómi ni, tí òjò rẹ̀ pọ̀, tí sísá nǹkan sí oòrùn kò dáni lójú, iná nìkan ni ó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé láti gbẹ nǹkan. Ohun tí èéfín ń ṣe fún ẹja ni ó ń ṣe fún ẹ̀gẹ́. Ọbẹ̀ marúgbó pẹ̀lú, tí ewé rẹ̀ ń sọ omi ọbẹ̀ di dúdú, tí Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ àti Àpọ́ì jọ ń sè, ní irú ìṣòro kan náà. Ẹni tí kò mọ ewé náà yóò ka orúkọ rẹ̀ lásán ni. Orúkọ ẹja ń kọ́? Òbọ̀kún àti ẹ̀pìyà yóò yé ará Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ahọ́n àwọn apẹja etí òkun ní orúkọ fún ọjọ́-orí ẹja, fún títóbi rẹ̀, fún bí wọ́n ṣe yan án. Bí ìwé bá sọ gbogbo wọn di ẹja, ó ti jẹ́ kí èdè ṣòfò kí ọbẹ̀ tó jinná.

Edé tún fi ohun kan hàn tí ẹnikẹ́ni kò lè rí láti inú ìwé kan ṣoṣo. Ní 1928, ọdún mẹ́fà ṣáájú ìwé Kúdẹtì, ni wọ́n tẹ ìwé Manuel Querino lórí oúnjẹ Bahia jáde ní Brasil. Querino, ọ̀mọ̀wé dúdú tí wọ́n bí ní 1851, ti kú láti 1923. Ó kọ nípa acarajé, tí í ṣe àkàrà wa, àti abará tí wọ́n ń fi ewé dì bí ọ̀lẹ̀lẹ̀. Edé gbígbẹ sì ń rìn káàkiri nínú àwọn oúnjẹ Bahia wọ̀nyí. Ìjọba Brasil fi iṣẹ́ àwọn obìnrin aláàkàrà náà sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè ní 2005. Bí wọ́n bá gbé ìwé Querino sí ẹ̀gbẹ́ ìwé Kúdẹtì, ìbéèrè kan yóò dìde tí ọ̀kan nínú wọn kò dá béèrè: edé tí ó ń kó adùn bá oúnjẹ Yorùbá ní ìhín àti ní òkè òkun, ọwọ́ ta ni ó ti ń wá? Ojú ìwé yóò ṣí sí etí òkun, sí ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ń kó o, tí wọ́n ń yan án, tí ọkọ̀ wọn ń gúnlẹ̀ sí Igbókọ̀dá. Lójú oúnjẹ àjùmọ̀lò, èròjà lásán ni edé. Lójú ará Àwóyè, iṣẹ́ ọjọ́ ayé ni.

Àtakò, àti òkun

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó di wàhálà, nítorí pé ọmọ ń kọ́ oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, kò nílò ìwé. Àtakò gidi ni, ó sì jẹ́ òtítọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí ó gbára lé ni pé ìyá àti ọmọ yóò máa jókòó ti iná kan náà. Ní etí òkun Ìlàjẹ, èyí kò dájú mọ́. Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ dá sílẹ̀ ní 1947, tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé nítorí iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe wọn, ti rí i tí òkun ń gbé ilé rẹ̀ lọ, ìlà kan lẹ́yìn èkejì, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tí ilé wọn lọ ti ṣí sí ẹ̀yìn, àwọn mìíràn sí ìlú ńlá. Ní ìlú ńlá, iná gáàsì ni wọ́n fi ń dáná. Àjà kò sí lókè rẹ̀. Oúnjẹ tí ó nílò àjà, omi àti ọjọ́ mẹ́jọ a máa kọ́kọ́ di ohun tí wọ́n ń rà, lẹ́yìn náà ohun tí wọ́n ń rántí. Àwọn obìnrin Terezín kò kọ oúnjẹ wọn sílẹ̀ títí wọ́n fi bá ara wọn níbi tí wọn kò ti lè sè é. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ilé ìkàwé ń gbà, àti ohun tí ó ń kọ̀

Kì í ṣe pé fífi ìwé ta ilé ìkàwé lọ́rẹ jẹ́ àjèjì sí wa. Henry Carr, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó kú ní 1945, kó ìwé bíi 18,000 jọ sí ilé rẹ̀ ní Èkó. Ìjọba rà á, ó sì di ara ìpìlẹ̀ ilé ìkàwé yunifásítì ní Ìbàdàn ní 1948. Òfin náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀: láti 1950 ni wọ́n ti ń béèrè ẹ̀dà ìwé títẹ̀ fún Ìbàdàn, òfin Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ti 1970 sì ní kí akéde ìwé kọ̀ọ̀kan fi ẹ̀dà mẹ́ta sílẹ̀. Òfin dára fún Longmans àti Macmillan. Kò mọ ìwé tí kò ní akéde. Ìwé àdàkọ ọmọbìnrin tí ó ṣe ẹ̀kọ́ ìdáná ní ilé-ìwé girama, níbi tí ó ti kọ ìlànà olùkọ́ sí ojú kan, tí ó sì kọ ti ìyá rẹ̀ sí ẹ̀yìn, kò sí ní abẹ́ òfin kankan. Bẹ́ẹ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ìwé Kander kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Ní 2021, Özoz Sokoh, ọmọ Nàìjíríà tí ó ń kọ nípa oúnjẹ, ṣí Feast Afrique, ilé ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó kó àwọn ìwé oúnjẹ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ ní òkè òkun jọ kí ẹnikẹ́ni lè kà wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni, òun ni ó sì sún mọ́ ti Longone jù lọ níhìn-ín. Ibi tí ó mọ ni ibi tí ìwé títẹ̀ mọ. Ẹnikẹ́ni kò lè fi ẹ̀rọ ya ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà lọ́wọ́ onílé.

Ibi tí wọn yóò kó o sí náà ṣe pàtàkì. Ìwé Russell wà ní Michigan, níbi tí ó ti jáde; kò rìn jìnnà. Bí ìwé àdàkọ Ìlàjẹ bá lọ sí Ìbàdàn tàbí Àbújá, yóò tún di èròjà nínú ọbẹ̀ ẹlòmíràn. Yunifásítì Olúṣẹ́gun Agagu wà ní Òkìtìpupa, ọkọ̀ akérò kan sí Igbókọ̀dá. Ó jìnnà sí omi iyọ̀ tó kí bébà má bàa jẹrà, ó sì sún mọ́ tó kí ẹni tí ó fi ìwé sílẹ̀ lè wá wò ó.

Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé tí wọ́n bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún yóò kọ́kọ́ rí àbàwọ́n epo, yóò sì gbọ́ òórùn èéfín. Lójú rẹ̀, ìwé tí ó ti bàjẹ́ ni. Àwọn olùkójọ ìwé oúnjẹ kì í nu irú àbàwọ́n bẹ́ẹ̀ kúrò, nítorí ojú ìwé tí epo bá ta sí jù ni ọbẹ̀ tí wọ́n sè jù. Èyí tí ó mọ́ tónítóní, bóyá wọn kò sè é rí. Lẹ́yìn náà ni yóò mú káàdì, yóò béèrè orúkọ òǹkọ̀wé. Ọmọ tí ó di bírò mú ni wọn yóò dárúkọ. Káàdì náà yóò ní láti ní ìlà kejì, fún ẹni tí ó jókòó ti iná tí ó ń sọ ọ́ fún un.